Ìròyìn Àmù, Ìròyìn Ojú

Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, mo máa ń fa àbúrò mi obìnrin lọ́wọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Ilare, n'Ifẹ̀. Màá fún un lága, màá jókòó tì í, màá sì máa sọ ohun tó ń kọjá lọ fún un. Mo lè ní, "Ìyá ẹlẹ́kọ ti dé, búláòsì tuntun ló wọ̀." Mo lè ní, "Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà ilé òdìkejì ń kó ẹrù jáde, ó jọ pé wọ́n ń kó lọ." Yóò bi mí pé àwọ̀ wo ni búláòsì náà. Bí mi ò bá ṣàkíyèsí, màá dìde lọ wò ó, orókún mi ì báà máa dùn mí. Mi ò fẹ́ fún un ní àbọ̀ ìròyìn. Àbọ̀ ìròyìn ló sọ ọ́ di bó ṣe wà yìí.

Kò ríran mọ́. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ fún mi pé àìsàn ojú tó mú un kì í fọ́ni lójú lóòjọ́ kan. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, àti pé ká ní a ti gbé e wá nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó kù ì bá ṣì wà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń jábọ̀ fún mi láti ilé. Ibi tó ti ń dùn mí nìyẹn. Ká ní wọn kì í pè mí ni, ǹ bá ní ọ̀nà ló jìn. Wọ́n ń pè mí. Wọn ò sì parọ́ fún mi rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìpetumodù ni wọ́n bí wa sí, ní agbo ilé amọ̀kòkò. Mi ò pẹ́ níléèwé. Nígbà tí mo ti lè kọ orúkọ mi, tí mo sì lè ka Bíbélì díẹ̀díẹ̀, ìyá mi ní ó tó, ó fà mí padà sídìí amọ̀. Ilé ọkọ ló gbé mi wá sí Ifẹ̀. Mo ta ìkòkò ní Enuwa fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí orókún mi fi kọ̀ pé òun ò gbé ẹrù mọ́. Látìgbà náà, iṣẹ́ mi ò ju kí n máa wá oníbàárà fún àwọn ará ilé lọ.

Àwọn mẹ́ta ló wà nídìí amọ̀. Àbúrò mi, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tó sì ti padà sílé bàbá wa, òun ló ń mọ àmù, ìkòkò omi ńlá tó gba èèyàn méjì kí wọ́n tó lè gbé e. Ìyàwó àgbà, opó ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, ló ń wa amọ̀ tó sì ń gún un. Ìyàwó kékeré, ìyàwó àbúrò wa ọkùnrin, ló ń dán ìkòkò, òun náà ló ń sun ún. Àwọn ìyàwó méjèèjì ń pe èmi àti àbúrò mi ní ọkọ wọn, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe ọmọ ilé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ó wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, a ò mọ bí wọ́n ṣe ń jábọ̀ iṣẹ́. Obìnrin kan tó ń ta òdòdó bẹ̀ wá níṣẹ́ ìkòkò. Ìgbàkígbà tí mo bá pe ilé, wọn á ní, ó ń lọ dáadáa, Ọlọ́run ń ràn wá lọ́wọ́. Inú mi á dùn, èmi náà á sọ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin náà. Ọjọ́ tí a gbé mọ́tò lọ kó o, àwọn kan ṣì tutù, àwọn kan ti bẹ́ nínú iná, èyí tó pé ò lè bo ilẹ̀ ọkọ̀. Obìnrin náà ò bínú. Ó wo ìkòkò, ó wò mí, ó ní ká wọnú mọ́tò ká máa lọ. Ojú tì mí gan-an. Kò padà wá mọ́.

Mo lọ bá wọn nílé. Mi ò bá wọn jà, torí ìjà kì í sun ìkòkò. Mo kàn bi ìyàwó àgbà pé kí ló dé tí wọn ò sọ. Ó ní, "Ọkọ mi, a rò pé yóò bọ́ sí i kí ẹ tó dé." Mo wá rí i pé wọn ò tàn mí. Àdúrà ni wọ́n ń gbà, èmi ni mo ń fi àdúrà wọn ṣe ìròyìn.

Ọjọ́ yẹn la fẹnu kò. A ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni wọn yóò máa pè mí. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí ẹnìkan má bá ẹlòmíràn sọ tirẹ̀. Èyí tó bàjẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ, torí bí a bá ti fi èyí tó dára rẹ́rìn-ín tán, ó máa ń ṣòro kí ẹnu tó yí padà. Kí wọ́n sọ ohun tó wà nílẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n rò pé yóò wà nílẹ̀ lọ́la. "Ó ti fẹ́ gbẹ" kì í ṣe ìròyìn. Ó gbẹ tàbí kò gbẹ. Bí wọ́n bá sì ń fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ mi, igi ni o, ọkọ̀ ni o, kí wọ́n dárúkọ rẹ̀, kí n má máa méfò. Èmi náà búra níwájú wọn pé mi ò ní bínú sí ẹni tó bá mú ìròyìn burúkú wá.

Àbúrò mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Ifẹ̀ ti sọ yín di ọ̀gá iléeṣẹ́. Ó kù kí ẹ ra tábìlì, kí ẹ sì gbé jígí sójú." Mo ní kó lọ fọ ọwọ́ amọ̀ rẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ó sì dáa fún wa. Ìgbà kan, òjò ká àwọn ìkòkò tí wọn ò tíì sun mọ́ ìta. Ìyàwó kékeré ò dúró de Ọjọ́rú, bí òjò ṣe dá ló pè mí. Ó ní, "Ọkọ mi, ó ti padà di ẹrọ̀fọ̀, kò sí èyí tó kù." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó tètè sọ. Mo dìde lọ bá oníbàárà lọ́jọ́ náà gan-an, mo sọ fún un bó ṣe rí, ó sì fún wa láyè sí i. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìròyìn burúkú tó bá tètè dé, iṣẹ́ ni, kì í ṣe ẹkún.

Lẹ́yìn náà la rí iṣẹ́ tó tóbi. Ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ń kọ́ ilé àlejò sí etí ìlú. Ó fẹ́ kí àmù kọ̀ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dọ́gba, kí wọ́n sì ní ọnà tí wọ́n fi ṣùkù àgbàdo yí sí wọn lọ́rùn, bíi ti ilé ìyá rẹ̀ àgbà. Mo sọ fún un pé àbúrò mi nìkan ló lè mọ àmù kó bá èkejì dọ́gba láìwọ̀n ọ́n. Òótọ́ ni mo sọ. Láti kékeré ni ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ibi tí ikùn àmù ti ń dúró.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì ń jábọ̀ bí a ṣe fẹnu kò. Àbúrò mi á gba fóònù, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀kan nípọn lápá kan, iná ti là á. Òmíràn, ẹnu rẹ̀ wọ́, mo ti pa á rẹ́, màá tún un mọ." Lọ́sẹ̀ míràn, ìyàwó àgbà á ní, "Èmi ni mo ń yí ọnà sí wọn lọ́rùn báyìí." Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kí iṣẹ́ lè yá ni. Iṣẹ́ sì ń yá. Mo sọ fún ara mi pé àwọn èèyàn mi ti mọ bí wọ́n ṣe ń jábọ̀, wọ́n ń sọ èyí tó bàjẹ́ láìfọwọ́ bò ó. Inú mi ń dùn sí ìròyìn tó yẹ kó ba inú mi jẹ́.

Kì í ṣe pé mi ò béèrè wọn o. Bí fóònù bá ti dún, mo máa ń kí wọn dáadáa. Ṣé ẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àbúrò mi ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le? Ìyàwó kékeré á ní, "Wọ́n wà, ọkọ mi. A dúpẹ́." Èmi á ní, "Ọlọ́run ṣeun. Ó yá, ẹ jábọ̀."

Ọjọ́ kan, oníbàárà fẹ́ mọ ìgbà tí iṣẹ́ máa parí. Mo ní kí n kúkú lọ fojú ara mi rí i. Mi ò pe ẹnikẹ́ni pé mò ń bọ̀. Ọ̀sán gangan ni mo débẹ̀, oòrùn ń ràn. Àbúrò mi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó dorí ìkòkò àtijọ́ kan kodò níwájú rẹ̀, ó ń na amọ̀ lé e lórí. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Ó gbójú sókè, ó kọjú sí mi gan-an. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Kò rẹ́rìn-ín padà.

"Ta nìyẹn?"

Mo rò pé eré ni. Mo dúró, mi ò dáhùn, mò ń retí pé yóò fi ọ̀rọ̀ kan pa mí lẹ́rìn-ín. Ìyàwó kékeré ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé, ó ru koríko gbígbẹ tí wọ́n fi ń sun ìkòkò. Ó rí mi, ó sì wolẹ̀, kò kí mi. Bó ṣe wolẹ̀ yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe eré.

"Èmi ni," mo ní.

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn yín ni."

Ó na ọwọ́ sí igbá omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sórí ilẹ̀, ó ń wá a kiri, títí ó fi kan etí igbá. Ó bu omi fún mi bí a ṣe ń bu omi fún àlejò, ó sì nà án sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo dúró sí. Mo sún síbẹ̀, kó lè dà bíi pé ibẹ̀ ni mo ti wà tẹ́lẹ̀. Mo gba omi, mo mu ún.

Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní ó ti pẹ́ díẹ̀, pé ẹ̀gbẹ́ ló kọ́kọ́ ṣókùnkùn, pé ó rò pé ọjọ́ orí ni. Ó ní òun ṣì ń rí nǹkan díẹ̀ pẹ̀lú ojú ọ̀tún, bí ìgbà tí èèyàn bá ń yọjú láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí amọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Mo gbé e wá sí Ifẹ̀, a lọ sílé ìwòsàn. A jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọbìnrin tí kò ju ọmọ ọmọ mi lọ ni, ó fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní èyí tó ti lọ ti lọ, kò sí oògùn tó lè dá a padà. Ó fún wa ní oògùn tí a óò máa kán sójú, bóyá èyí tó kù lè dúró. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, "Mọ̀mọ́, ṣé kò sẹ́ni tó ń gbé pẹ̀lú wọn ni?" Wọ́n ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń fọwọ́ kan amọ̀ kan náà.

Bí a ṣe fẹ́ dé Ilare nígbà tí a ń bọ̀, àbúrò mi pè mí. Ó wá ní kí n má bá àwọn ìyàwó wa jà, pé òun lòun ní kí wọ́n má gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ifẹ̀. Ó ní, "Ẹ ní ìròyìn ìkòkò ni ká máa mú wá. Ojú mi kì í ṣe ìkòkò."

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò fẹ́ kí n mọ̀?"

Ó ní, "Bí ẹ bá mọ̀, ẹ máa gba amọ̀ lọ́wọ́ mi. Kí ni kí n wá máa fi ọwọ́ ṣe?"

Òótọ́ ló sọ. Ǹ bá gbà á. Ǹ bá gba amọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ì bá sì wà.

Nígbà tí mo tún padà lọ sí Ìpetumodù láti kó aṣọ rẹ̀, ìyàwó kékeré kúnlẹ̀ fún mi níbi tí iná ìkòkò ti kú. Kò tíì la ẹnu tí omijé fi ń bọ́. Mo ní kó dìde, kò dìde. Ó ní, "Ọkọ mi, ìyàwó wo ló lè ru ojú ọkọ rẹ̀ jáde nílé? Wọ́n ti ní kí a má sọ."

Mo ní, "Mo béèrè rẹ̀. Gbogbo Ọjọ́rú ni mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ."

"Ẹ béèrè wọn, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń kíra lẹ ti ń béèrè wọn. Bí àgbà bá kíni, a dúpẹ́ la fi ń dá a lóhùn. Ta ló ń ka àìsàn fún ẹni tó ń kí i? Ká ní ẹ dúró kí a jábọ̀ tán, kí ẹ wá bi mí, ǹ bá má lè gbé e mì."

Mo jókòó sórí òkúta tó wà níbẹ̀. Mo ti búra pé mi ò ní bínú sí ẹni tó bá mú ìròyìn burúkú wá. Ẹni tí kò mú un wá, mi ò ronú kàn án. Ọmọdébìnrin yìí ò ṣẹ̀ mí. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ló ṣe ń dáhùn, bí ìyá mi náà ṣe kọ́ èmi nìyẹn. Ẹni tí ara ń ro, a dúpẹ́. Ẹni tí ebi ń pa, a dúpẹ́. Ìkíni dára, ó ń jẹ́ kí èèyàn lè wojú ara wọn. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí n máa fi ìdáhùn ìkíni sínú ìròyìn, bí mo ṣe fi àdúrà sínú rẹ̀ nígbà iṣẹ́ obìnrin tó ń ta òdòdó.

Ìyàwó àgbà àti ìyàwó kékeré ṣì ń pè mí lọ́jọ́ Ọjọ́rú. A máa ń kíra, wọn á jábọ̀ ìkòkò. Bí ìkòkò bá ti tán, màá wá bi ẹnìkọ̀ọ̀kan pé, "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?" Màá sì dákẹ́. Màá dúró, owó ìpè ì báà máa lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, ìyàwó àgbà ní a dúpẹ́. Mi ò fèsì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló wá ní ìbàdí òun ò jẹ́ kí òun lè wa amọ̀ láàárọ̀ mọ́. Ọmọ ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì n'Ìbàdàn gbọ́ nípa rẹ̀. Ó ní ìjábọ̀ tiwọn náà níbi iṣẹ́ gùn gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti ń bi èèyàn ní ìyẹn.

Oògùn ojú ò dá a dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nílé mi níbí, àbúrò mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni?" Oòrùn ti wà lójú fèrèsé. Ó tàn sí i lẹ́sẹ̀. Mo ní ilẹ̀ ti mọ́. Ó ní, "Ó dáa." Ó wá bàtà rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀, ó wọ̀ ọ́. A ò tíì sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ di òní.

Ọkùnrin onílé àlejò kó àmù rẹ̀. Àbúrò mi ní kí n lọ wò wọ́n fún òun níbi tó kó wọn sí. Mo lọ. Nígbà tí mo padà délé, ó ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń dúró dè mí.

"Ẹ jábọ̀ fún mi," ó ní.

Mo ní ilé náà dára, pé wọ́n ti kun ún. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Èyí tó bàjẹ́ ná."

Mo ní, "Àwọn tí o mọ kẹ́yìn, kò gbé wọn sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ẹ̀yìn ilé ló kó wọn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Wọ́n wọ́. Ọ̀kan tẹ̀ sápá kan bí ẹni tó ru ẹrù."

Ó ń fi àtàǹpàkò pa ìka rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe bí amọ̀ bá gbẹ sí i lọ́wọ́.

"Kí ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe?"

"Omi ló wà nínú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ń bu ú mu."

"Ṣé wọ́n ń jò?"

"Mo fọwọ́ pa ìdí wọn yí ká. Wọn ò jò."

Ó mi orí. Ìyá ẹlẹ́kọ kọjá, ó kí wa, a dá a lóhùn pé a dúpẹ́. Nígbà tí ohùn rẹ̀ ti jìnnà, àbúrò mi kọjú sí apá ibi tí mo wà.

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

A dúpẹ́ ti dé ẹnu mi. Ó dákẹ́, ó ń dúró, bí mo ṣe máa ń dúró de àwọn ìyàwó wa. Mo ní, "Inú mi bàjẹ́."

Ó na ọwọ́ sí mi, ó ń wá ọwọ́ mi kiri lórí àga, títí ó fi kàn án.